Ìlédìí Inú Ṣáláńgá

“Elijah! Elijah, ọmọ Ìbítóyè! Jáde kí o wá wo ohun tí ilé rẹ ń bí!”

Ohùn Dáúdà, aládùúgbò rẹ̀, ni. Elijah jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó ń fi fáìlì pọ́n ayùn. Kì í ṣe ẹni tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ń pariwo, pàápàá tí ẹni náà bá jẹ́ Dáúdà. Ó pọ́n eyín ayùn náà dé ìparí, ó nù ún, ó gbé e kọ́, kí ó tó dìde.

Òjò kò jẹ́ kí ilẹ̀ Osi gbẹ rárá lọ́dún náà. Ẹrẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé láti ògiri ilé Elijah títí dé ògiri ilé Dáúdà, ṣáláńgá tí ilé méjèèjì jọ ń lò sì wà láàárín. Dáúdà ló gbẹ́ ẹ, Elijah ló kan pákó orí rẹ̀ àti ilẹ̀kùn, láyé ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Nígbà tí Elijah débẹ̀, Dáúdà ti ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu. Rafiat ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìborùn di imú.

“Wò ó,” ni Dáúdà wí.

Elijah wò ó. Omi ti kún ṣáláńgá dé ẹnu. Àwọn nǹkan funfun kan léfòó lórí omi náà, wọ́n wú tìmùtìmù bí ìrọ̀rí. Òmíràn nínú wọn ti ya, òwú inú rẹ̀ sì ń tú jáde.

“Kí nìyẹn?”

“Èmi lo ń bi? Ìwọ ni kí o sọ fún mi. Ṣé òwú lo ń gbìn sínú ṣáláńgá ni?”

“Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nílé mi.”

“Nílé ta ló wá wà? Nílé èmi tí àbíkẹ́yìn mi ti ń lọ sí ilé kéwú?”

Rafiat sún ìborùn kúrò lẹ́nu. “Ìlédìí òyìnbó ni, Bàbá Ilésanmí. Oníbébà. Mo rí irú rẹ̀ ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí mò ń ta ẹ̀gúsí fún. Tí ọmọ bá ti tọ̀ sí i, wọn á sọ ọ́ nù. Kò ṣe é fọ̀.”

“A kì í sọ aṣọ ìdí ọmọ nù nílé tiwa,” ni Elijah wí. “Ìró ìyá mi ni a ya sí àkísà fún ọmọ mi, bí wọ́n ti ya ti ìyá bàbá mi fún èmi náà. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn.”

Dáúdà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. “Ìkókó kan ṣoṣo ló wà nínú ilé méjèèjì. Àbí èmi ni mò ń tọ̀ sára? Gbọ́ mi dáadáa, Elijah. Àwọn àna mi láti Ìlọrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tí wọ́n bá wá bá ìdọ̀tí yìí, kò ní dára láàárín wa.”

“Ṣé ó dára láàárín wa tẹ́lẹ̀ ni?”

“Tí wolé-wolé bá dé ńkọ́? Orúkọ rẹ ni mo máa dá fún un. Mo tún máa dá ti bàbá rẹ mọ́ ọn.”

Elijah yíjú padà láti fún un lésì, ó sì rí Leah ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ilésanmí ọmọ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí ojú òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe pàdé, ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

“Leah.”

“Bàbá Ilésanmí, ẹ jẹ́ ká wọlé ná.”

“Níta ni wọ́n ti ń bú mi. Níta ni kí o ti sọ ọ́.”

Leah tún ọ̀já ọmọ so. “Èmi ni,” ni ó wí. “Èmi ni mo dà á síbẹ̀.”

Dáúdà pàtẹ́wọ́. “Àlùhámdù! Káfíńtà ò mọ ohun tó wà lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀!”

Elijah ti wọlé. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo inú àpótí aṣọ, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó sì fa páálí ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán ọmọ òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo páálí náà dé ìdajì.

“Ta ló fún ọ?”

Leah dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Mo ní ta ló fún ọ?”

“Ẹ mọ ẹni tó lè rí irú rẹ̀ rà nínú gbogbo ẹbí yín.”

Elijah jọ̀wọ́ páálí náà. “Ọmọ́níyì?”

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn ni kò ti pe orúkọ àbúrò rẹ̀ yìí mọ́. Nígbà tí bàbá kú, Elijah fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí. Pákó ìrókò tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó lò. Ó fá a, ó bó o títí ó fi ń dán bí ojú dígí. Àfi bí Ọmọ́níyì ṣe ti Kàdúná dé, tí ó ra pósí onídẹ bọ̀ láti Ìlọrin. Ó wo èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn lójú gbogbo èrò, ó ní, “Ẹ kò ní sin bàbá mi sínú àpótí iṣu.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Elijah mọ gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín, ó sì lè dárúkọ wọn títí di òní. Dáúdà wà níbẹ̀. Wọ́n sin bàbá sínú ti Ìlọrin. Elijah ru tirẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán gangan, ará Ilọ́fà kan ló wá gbé e lọ lẹ́yìn náà fún òkú tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí Ọmọ́níyì bá wá ṣe Kérésìmesì, Elijah á gba oko lọ. Pásítọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àwọn àgbà ẹbí bá a sọ̀rọ̀. Elijah ní òun ti dárí jì í tipẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

“Ẹni tó pe iṣẹ́ ọwọ́ mi ní àpótí iṣu,” ni ó wí fún Leah, “o gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, o sì gbé e sábẹ́ ibi tí mò ń sùn lé?”

“Ṣé ìbínú yín ni ẹ fẹ́ kí n fi ṣe ìlédìí fún ọmọ ni?”

“Mo máa jó o.”

Ó gbé páálí náà sí èjìká. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pàdé ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó fi èkejì di ọ̀nà.

“Gbé e sílẹ̀.”

“Ìyá, ẹ má dá sí i.”

“Mo ti dá sí i. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ Issa awakọ̀ Kàdúná. Èmi ni mo ní kí Leah máa lò ó. Èmi náà ni mo ní kí ó máa dà á sí ṣáláńgá. Bí o bá fẹ́ lu ẹnì kan, èmi nìyí.”

Elijah wo Leah, ó wo ìyá rẹ̀. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ya ìró yín fún un?”

“Ìró mi dà? Lọ wo òkè ààrò. Ó ti ń sunkún síbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. A fọ̀ ọ́, kò gbẹ. A sá a, òjò pa á. A gbé e kọ́ sókè iná, èéfín mú un, kò sì gbẹ síbẹ̀. Aṣọ tútù ni à ń dì mọ́ ọmọ nídìí lójoojúmọ́, ìwọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, o ń pọ́n ayùn.”

“Tí ẹ bá tiẹ̀ máa lò ó, ẹ ò ṣe dáná sun èyí tó ti dọ̀tí? Ẹ wá dà á sínú ṣáláńgá kí Dáúdà lè rí ẹnu bú mi?”

Ìyá rẹ̀ la ojú. “Kí n dáná sun ìgbẹ́ ọmọ-ọmọ mi? Ṣé orí rẹ pé? Ẹni tó bá sun ìgbẹ́ ìkókó níná, ìdí ìkókó náà ni yóò máa ta á. Ìdí tó ti bó tẹ́lẹ̀! A kọ́kọ́ dà á sí àkìtàn, ewúrẹ́ Rafiat fà á dé ojú títì, ìyàwó rẹ ló sáré lọ kó o lójú gbogbo ayé. Ibo ló kù? Ibi tí ìgbẹ́ ń lọ ni mo ní kó lọ. Ta ló mọ̀ pé bébà òyìnbó ń mu omi bí gààrí?”

“Ẹ̀yin méjèèjì wá jọ ń fi mí ṣe òmùgọ̀.”

“Ọmọ ni à ń tọ́jú. Ìjà ni ìwọ ń tọ́jú.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi pé ó kọjá lára ìyá rẹ̀, ó gbé páálí náà dé àgbàlá, ó sì jù ú sílẹ̀ lórí òkúta. Èyí tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kan ìdí ọmọ kankan. Kò sí èèwọ̀ nínú jíjó o. Ó yọ ìṣáná lápò. Ìṣáná náà ti rin díẹ̀, ó ṣá a, kò ràn.

Leah tẹ̀ lé e jáde. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì tú àkísà tó wà nídìí rẹ̀.

“Kí ẹ tó ṣá èkejì, ẹ wo ibí.”

Elijah kò fẹ́ wò ó. Iṣẹ́ obìnrin ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kò tíì rí ìdí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó wò ó. Ìdí ọmọ náà pọ́n bí ẹyìn. Awọ ti bó níbi pàlàpálá itan rẹ̀ méjèèjì, òrí tí wọ́n fi pa á ń dán lójú egbò. Etí àkísà tútù náà fara kan án, ọmọ náà sì figbe ta.

“Ó ti ń san nìyẹn,” ni Leah wí. “Ẹ ò rí i nígbà tó burú. Láàárọ̀ yìí ni mo tún di àkísà mọ́ ọn, kí n má baà tètè lo ìyókù inú páálí tán.”

“Èé ṣe tí o kò sọ fún mi?”

“Mo sọ. Ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ fẹ́ kàn lọkàn yín wà. Ẹ ní àkísà ló wo ẹ̀yin dàgbà. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká ra nápì funfun ní ọjà Obbo, ẹ ní aṣọ ni gbogbo aṣọ ń jẹ́.”

“Nápì funfun náà kò ní gbẹ nínú òjò yìí,” ni ìyá àgbà wí láti ẹnu ọ̀nà. “Aṣọ kọ́ ló ṣẹ̀.”

“Ẹ jó o,” ni Leah wí. Kò gbé ohùn sókè. “Ṣùgbọ́n bí iná bá ti ràn án, mo ti lọ. Ọkọ̀ Koro wà ní gáréèjì. Bàbá mi ní ilé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Èmi àti ọmọ yín á wà níbẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin àti ìjà yín, kí ẹ jọ máa sùn.”

Ó gbé ọmọ rẹ̀ dìde, ó sì wọlé lọ di ẹrù.

Elijah dúró ti páálí náà pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán ni Leah fi sọ ọ́. Obìnrin náà kì í halẹ̀. Tí ó bá gbé ọmọ lọ sí Koro, gbogbo Osi á mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú pé nítorí ìlédìí ni. Ó da ìṣáná padà sápò. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú dígà àti ṣọ́bìrì, ó sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣáláńgá ni ọ̀rọ̀ tó lè yanjú.

Kò tíì gbẹ́ kòtò tuntun náà dé orúnkún tí Dáúdà fi jáde.

“Ibo lò ń gbẹ́ ẹ sí?”

“Ibi tó wù mí lórí ilẹ̀ mi.”

“Ó sún mọ́ ògiri mi jù.”

“Kí ògiri rẹ sún.”

Dáúdà dúró, ó ń wò ó. Ó ní, “Ò ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá eku. Etí rẹ̀ á ya lulẹ̀. Kí ìyàwó mi wá já sínú rẹ̀.”

“Fi mí sílẹ̀.”

Dáúdà kò fi í sílẹ̀. Ó lọ mú dígà tirẹ̀, ó bọ́ bùbá, ó bọ́ sínú kòtò, ó sì ti Elijah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n jọ gbẹ́ ẹ, ọ̀kan ń gbẹ́, ọ̀kan ń kó yẹ̀pẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì pé ó kú iṣẹ́.

“Rafiat ní àbúrò rẹ ló fi páálí náà ránṣẹ́,” ni Dáúdà wí. “Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé òun ló ní làákàyè nínú yín.”

Elijah dá ṣọ́bìrì dúró. “Dáúdà, kòtò yìí gba èèyàn.”

Dáúdà wo ojú rẹ̀, ó sì tẹ orí mọ́ iṣẹ́.

Inú kòtò yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti padà wá bá a. Kì í ṣe ti ìjà. Ti aṣọ tó ń sunkún lókè ààrò. Iṣẹ́ wo ni iṣẹ́ káfíńtà, bí kì í bá ṣe ti ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe ń gbẹ? Bí a bá gbé pákó tútù sókè iná, ara rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù, á sì lọ́. Abẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri ni a ń tò ó sí, a ó fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín ọ̀kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Kò sí ẹni tó ní kí ó kọ́ obìnrin ní bí wọ́n ṣe ń sá aṣọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò wọ ilé ìdáná rí, bẹ́ẹ̀ ni àtíbàbà onípáànù ńlá tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó kún fún pákó tó ń gbẹ dáadáa. Ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ni ó fẹ́ fi wọ́n kàn. Pákó ń gbẹ, ọmọ rẹ̀ ń rà.

Ó gun òkè kúrò nínú kòtò.

“Ó ti rẹ̀ ọ́ nìyẹn?” ni Dáúdà wí.

Pẹ̀lú amọ̀ lára, Elijah bẹ̀rẹ̀ sí í ru pákó láti inú àtíbàbà wọ pálọ̀. Ó gbé àga síta láti fi àyè gbà wọ́n. Leah jáde láti yàrá pẹ̀lú ẹrù tó ti dì.

“Kí lẹ ń ṣe?”

“Kúrò lọ́nà.”

Ó ru gbogbo rẹ̀ tán, ó tò wọ́n láti ògiri dé ògiri, àwọn tí àyè kò gbà ni ó gbé síta sínú òjò tó tún ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà yọjú, kò rí ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ sí.

“Elijah, ibo ni àlejò máa jókòó sí?”

“Kí àlejò jókòó sílé wọn.”

Ó ta wáyà láti òpó dé òpó nínú àtíbàbà tó ti ṣófo, ó fà á le, ó tún ta òmíràn. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń jáde ní èkejì. Nígbà tó ṣe tán, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

“Kó àwọn àkísà náà wá. Kọ́kọ́ fọ èéfín kúrò lára wọn. Má ṣe sá wọn léra wọn, jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà.”

Leah kò tíì gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. “Páálí tó wà níta ńkọ́? Òjò ń pa á lọ.”

Elijah nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó gbé páálí náà wọlé, ó sì gbé e ka orí pákó.

“Títí aṣọ á fi gbẹ,” ni ó wí.

“Èyí tó bá ti dọ̀tí?”

“Màá gbẹ́ ihò kan sẹ́yìn igi ìyeyè. Máa sin ín síbẹ̀. Má jó o, kí ìyá mi má baà pa wá.”

“Ẹ ò wá ní bínú sí—”

“Má dárúkọ rẹ̀. Mo ní títí aṣọ á fi gbẹ. N kò sọ pé mo gbà á.”

Leah kò dúpẹ́. Ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sí yàrá, ó sì lọ kó àwọn àkísà sọ̀kalẹ̀ lókè ààrò.

Àwọn àna Dáúdà wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n lo ṣáláńgá tuntun, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Dáúdà kò dúpẹ́ ilẹ̀kùn tí Elijah kàn sí i, Elijah náà kò sì dúpẹ́ ilẹ̀ tí Dáúdà gbẹ́. Àwọn àkísà ń gbẹ nínú àtíbàbà, kì í ṣe kíákíá, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbẹ dénú. Leah ń di wọ́n mọ́ ọmọ. Bí òjò bá pọ̀ jù, yóò mú ọ̀kan nínú páálí. Mẹ́ta nínú àwọn pákó tó wà níta ti lọ́, Elijah sì ń fá àwọn tó kù kí ó lè mọ èyí tó ṣe é lò.

Ìdí iṣẹ́ yìí ló wà lọ́jọ́ tí Issa awakọ̀ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń padà sí Kàdúná. Bọ̀dá Ọmọ́níyì á bi mí bóyá páálí dé ọwọ́ yín. Kí ni kí n sọ?”

Elijah ń fá pákó lọ. Nínú ilé ìdáná, ìró odó dákẹ́ lójijì.

“Ṣé kí n sọ pé ẹ kí i?”

“Ta ló ní kí o kí i?”

“Kí n sọ pé ẹ dúpẹ́?”

“Issa, ṣé awakọ̀ ni ọ́ ni, àbí alárinà?”

Issa mi orí, ó padà sí ọkọ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ti ń dún kí Elijah tó gbé ìfági sílẹ̀. Ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ náà, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

“Sọ fún un pé ìdí ọmọ ti gbẹ.”

“Ìyẹn nìkan, ẹ̀gbọ́n?”

“Ìyẹn nìkan.”